Ṣé Àlejò Ni Yóò Máa Fi Ọmọ Wa Hàn Wá?

Nígbàkigbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, orí idẹ Ifẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Inú wa a sì máa bàjẹ́, bí ó ti tọ́ kí ó bàjẹ́, pé ọ̀kan nínú àwọn orí tí a hú jáde ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà ní British Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, títí di òní. A ń bínú sí àwọn tí ó gbé ohun àwọn baba wa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fẹ́ sọ, òun gan-an ni a sì fẹ́ sọ lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà láàyè náà ń lọ sí ilé kan náà, a kò sì lè sọ pé ẹnikẹ́ni jí i. Owó ni wọ́n fi rà á. Àwa ni a kò ná an.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀gbẹ́ni Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1962, ní ilẹ̀ Dàhòmì àná tí à ń pè ní Benin nísinsìnyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ kọjá ní àwọn ọdún tí epo pẹtiróòlù ilẹ̀ wa ṣì pọ́kú yóò rántí àwọn alùpùpù tí ń ru kẹ́ẹ̀gì epo rù-rù bí òkè. Àwọn oníṣòwò náà a máa fi iná yọ́ ara kẹ́ẹ̀gì kí ikùn rẹ̀ lè fẹ̀ sí i, kí ó sì lè gba epo sí i. Bí ó bá gbó tán, wọn a sọ ọ́ sí ààtàn. Inú ààtàn yìí ni Hazoumè ti rí ojú ènìyàn. Ó gé kẹ́ẹ̀gì, ó yí i padà: ibi ìdìmú di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu ènìyàn tí ó là sílẹ̀. Ó di ìbòjú tí ẹni tí ó mọ gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò wò tí yóò rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà yóò sì tún gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, La Bouche du Roi, ìbòjú 304 ni ó tò sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó ẹrú, bí wọ́n ti ń to àwọn baba ńlá wa sínú rẹ̀ bí igi ìdáná. Ìbòjú kan kò jọ èkejì. A ń gbọ́ ohùn ènìyàn níbẹ̀, èdè Yorùbá sì wà nínú èdè tí wọ́n ń sọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún wa láti mọ̀: bí a ti ń fi iná fẹ ikùn kẹ́ẹ̀gì, tí a ń di ẹrù lé e títí yóò fi bẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń lo ẹrú. Ní ọdún 2007, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìrántí 200 ọdún tí òfin wọn fòpin sí òwò ẹrú, British Museum ra iṣẹ́ yìí. Ìtàn Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì ni, ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń gbé, ní ilé kan náà pẹ̀lú orí Ifẹ̀.

Ẹnìkejì ni ọ̀gbẹ́ni Yinka Shonibare. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1962, Èkó ni ó sì ti dàgbà. Àìsàn mú apá kan ara rẹ̀ rọ nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, kò sì jẹ́ kí ìyẹn dá a dúró. Ní ọdún 2010, ó gbé ọkọ̀ ojú omi Nelson, akọni ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sínú ìgò ńlá kan ní gbàgede Trafalgar, aṣọ ọlọ́nà bí ankara ni ó sì fi ṣe ìgbòkun rẹ̀. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n inú rẹ̀: aṣọ tí a ń pè ní tiwa yìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Indonéṣíà ni àwọn Dọ́ọ̀ṣì ti kọ́ ọnà rẹ̀ kí wọ́n tó máa tà á fún wa. Nígbà tí ó tó àkókò láti gbé ọkọ̀ náà kúrò, àwọn ará ìlú dá owó kí ó lè di ti gbogbo ènìyàn, ó sì wà ní Greenwich báyìí. Àwọn ará ìlú ni ó dá owó! Nígbà wo ni àwa dá owó ra ère kan rí, yàtọ̀ sí ère olóṣèlú?

A kò sọ pé kò sí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí nílé. Ìyá wa Nike Davies-Okundaye, tí a bí ní ọdún 1951, kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ní Òṣogbo. Ilé alájà púpọ̀ tí ó kọ́ sí Lẹ́kkí kún fún iṣẹ́ ọnà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ṣonibárẹ́ náà padà wálé: ní ọdún 2022, ó ṣí ibùgbé sí Èkó àti sí oko kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ti lè wá gbé, kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àpò ara ẹni ni àwọn wọ̀nyí fi ń ṣe ohun tí ó yẹ kí ìjọba àti ìlú jọ ṣe.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé ebi kò jẹ́ kí ènìyàn wo ère. Òtítọ́ ni pé ebi wà. Ṣùgbọ́n owó ń bẹ fún fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́ nígbà gbogbo tí ìdìbò bá dé. Àwọn mìíràn yóò wí pé òrìṣà ni. A bi wọ́n léèrè: kẹ́ẹ̀gì epo wo ni ó di òrìṣà? Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àkúfọ́, òun ni wọn yóò fi kó ilẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ti fi ọ̀nà hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó ní Àbọ̀mẹ́ padà fún Benin. Nígbà tí ìjọba Benin pàtẹ wọn ní Kútọnu ní ọdún 2022, kò pàtẹ ti àtijọ́ nìkan. Ó pàtẹ iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó wà láàyè pẹ̀lú wọn, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tú jáde láti wò wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, bí olùdíje bá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: iṣẹ́ oníṣẹ́ ọnà mélòó tí ó wà láàyè ni ìjọba rẹ yóò rà fún ìpínlẹ̀ wa, níbo ni ọmọ tálákà yóò sì ti rí i?

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ sí jù. Ẹ má dúró de àṣẹ ìjọba. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì yín kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tí wọ́n ti sọ nù nílé wá: ìdérí ìgò, àgékù aṣọ, agolo. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ aláró, agbẹ́gilére àti alágbẹ̀dẹ àdúgbò, kí wọ́n bèèrè bí a ti ń ṣe é. Ọmọ tí ó ń ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò, kí ẹ tó na pàṣán sí i, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ó yà.

Àwọn baba wa sọ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ wa ń ṣiṣẹ́ àrà, ìlẹ̀kẹ̀ wa ni a kò tíì yọ. Bí a bá jókòó títí di ìgbà tí àlejò bá yọ tirẹ̀, kí ọmọ ọmọ wa má bi wá léèrè ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i pé ta ni ó kó iṣẹ́ wọnnì lọ.