Ọpọ́n Kì í Dá Ifá Fúnra Rẹ̀

Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ bá délẹ̀ láàárín wa, olùkọ́ ni a kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. A ní ó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. A ní pátákó dúdú àti ẹfun nìkan ni ó mọ̀. Èmi kò gbà.

Olùkọ́ tí a ní ó ń bẹ̀rù ẹ̀rọ ní Bétérou yìí, fóònù ni ó fi ń gba owó, òun náà ni ó fi ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ní Parakou sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ fi han àwọn ọmọ bí ọkàn ènìyàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti ra mẹ́gà, gbogbo kíláàsì yóò sì yí fóònù kan ṣoṣo ká. Ta ni yóò san owó náà padà fún un? Ẹ rántí ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bu owó orí fránkì 5 lé mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook àti WhatsApp. Ariwo àwọn ọ̀dọ́ ni ó jẹ́ kí wọ́n fagi lé e ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. A pariwo nítorí ìtàkúrọ̀sọ wa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. N kò tíì gbọ́ kí a pariwo nítorí mẹ́gà olùkọ́.

Àwọn kan ní kí a ṣáà fún àwọn ọmọ ní ẹ̀rọ. Ní ọdún 2013, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí wọ́n ti kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sí nínú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ya ọ̀rọ̀ lò lọ́dọ̀ Ifá, kí ó yá a tán: ọpọ́n kì í dá Ifá fúnra rẹ̀, babaláwo ni í tẹ̀ ẹ́. Ta ni a kọ́ láti tẹ ọpọ́n tiwa? Láti ọdún ẹ̀kọ́ 2019-2020 ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí aspirants, pẹ̀lú àdéhùn tí ó ní ọjọ́ ìparí.

Ẹgbẹ́ wa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bùn tí a lè ya fọ́tò rẹ̀ ni a fẹ́ràn. (Kọ̀ǹpútà máa ń dára nínú fọ́tò, mẹ́gà kò ṣeé yà.) Kí a tó tún dá owó ẹ̀rọ jọ, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ti iná oòrùn fún ilé ẹ̀kọ́ kan, ti mẹ́gà olùkọ́ lóṣooṣù, àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn olùkọ́. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí a wá fi ra ẹ̀rọ.