Bí Àkókò Eré Orí Òjò-Dídì Bá Gùn Sí I, Ta Ni Yóò Jẹ Èrè Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 2023, ní àárín gbùngbùn ìgbà ooru, àwọn ènìyàn ṣì ń ṣeré lórí òjò-dídì ní Òkè Mammoth, ní ìpínlẹ̀ California, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ náà ni ibùdó eré yìí tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ó ti ṣí i. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Ọ̀pọ̀ àwọn ibùdó ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kì í kọjá oṣù kẹrin ọdún kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Inú àwọn oníbàárà dùn, wọ́n sì ń yin ibùdó náà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà wò, kí a tó mọ̀ bí àkókò gígùn bẹ́ẹ̀ ṣe jẹ́ ohun ìyìn tàbí ohun àròjinlẹ̀.

Ẹni tí ó ń gbé ní Jọ́s, tí ọyẹ́ ti là ní ètè, yóò rò pé kò sí òtútù tí òun kò mọ̀. Òtútù orí òkè California ju èyíinì lọ. Òun ni ó ń sọ òjò di ohun funfun tí ń rọ̀ sílẹ̀ bí òwú, tí yóò sì bo ilẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Lórí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń ṣe eré tí wọ́n ń pè ní síkì. Wọn a de pátákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ bàtà, àga tí ó so rọ̀ mọ́ okùn irin a gbé wọn gun orí òkè, wọn a sì máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé eré òyìnbó nìkan ni eré orí yìnyín. Ní Ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù tí ó wáyé ní Pyeongchang, ní Kòríà ti Gúúsù, ní ọdún 2018, Ṣeun Adígún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, pẹ̀lú Sìmídélé Adéagbo, ṣojú fún Nàìjíríà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ Nàìjíríà yóò wọ irú ìdíje bẹ́ẹ̀.

Kí ni ó dé tí ibùdó eré kan yóò fẹ́ kí àkókò òun gùn wọ ìgbà ìrúwé, àní títí wọ ìgbà ooru? Ìdí àkọ́kọ́ hàn gbangba: owó ni. Níwọ̀n ìgbà tí àga bá ń gun òkè, ilé oúnjẹ àti ilé ìtura tí ó wà nísàlẹ̀ òkè náà yóò máa rí oníbàárà. Ìdí kejì fara sin díẹ̀. Ìgbà ìrúwé ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dún ti ọdún tí ń bọ̀. Ibùdó tí ó bá ṣì ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ti tì ti rí ìpolówó ọjà tí kò ná an ní iye púpọ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe àìsí òjò-dídì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ ibùdó tì ní oṣù kẹrin. Òjò-dídì a máa pọ̀ lórí òkè nígbà náà, oníbàárà ni kì í sí mọ́. Oòrùn ti yọ, oníkálukú ti padà sídìí ọgbà àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó àgbò láti òkè Ọya lọ sí ìsàlẹ̀ fún ọdún Iléyá mọ ọ̀ràn yìí dáadáa. Ní ọjọ́ tí ó ṣíwájú ọdún, wọ́n ń já àgbò gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ọdún, àgbò kan náà ti di ẹrù, koríko ni yóò sì máa rà fún un. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a fi wọn ọ̀rọ̀ yìí ni ibi tí òjò-dídì náà ti wá. Ní Òkè Mammoth, láti ojú ọ̀run ni. Ní àkókò ọdún 2022 sí 2023, òjò-dídì tí ó rọ̀ sí ibùdó náà nísàlẹ̀ òkè jẹ́ íǹṣì 715, èyí tí ó sún mọ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kò sì sí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ibẹ̀. Ẹni tí Ọlọ́run fún ní irú èyí, tí ó sì lò ó pẹ́, kò ṣẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti Killington, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ní apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú òjò-dídì tí ń gbé wọn dé òpin oṣù karùn-ún. Wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ alágbára tú omi sójú òfuurufú nígbà tí òtútù bá mú, omi náà a sì dì kí ó tó balẹ̀. Wọ́n á kó o jọ gègèrè sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí à ń pè ní Superstar, kí oòrùn má baà tètè rí i yọ́ tán. Òtítọ́ ni pé púpọ̀ nínú omi náà yóò padà sínú odò bí ó bá yọ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná tí ó gbé e gun òkè kò ní padà mọ́. Bí ìgbà òtútù bá ń kúrú sí i, tí ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ sí i láti fi gùn ún, ìnáwó náà yóò máa ga ni lọ́dọọdún.

Ohun kejì ni òṣìṣẹ́. Yorùbá ní òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ ní ibòji. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó wọ̀nyí ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Peru, Argentina àti Chile ní àkókò ìsinmi ilé-ìwé wọn, ìwé àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà kò sì gbà wọ́n láàyè ju oṣù mẹ́rin lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìgbà ìrúwé bá dé, wọn a ti padà sílé, ìwọ̀nba díẹ̀ tí ó kù ni yóò sì gbé iṣẹ́ gbogbo rù. Ilé gbígbé wọ́n gógó ní irú ìlú òkè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn olówó ti rà á fún ìsinmi. Ẹni tí ó ń gbọ́n òjò-dídì kúrò lórí ìjókòó àga kì í sì í rí ibi gbé nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn tí ń ṣọ́ òkè ní Park City, ní ìpínlẹ̀ Utah, tí wọ́n ń gba ẹni tí ó fara pa là, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ó lé ní mẹ́wàá. Owó tí wọ́n ń san fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, dọ́là 21 ní wákàtí kan, ni wọ́n ní kò tó. Ó di dọ́là 23 kí wọ́n tó padà. Bí àkókò bá gùn, tí owó òṣìṣẹ́ kò gùn, ibo ni ìdájọ́ wà?

Ohun kẹta, tí ó wúwo jù, ni ojú ọjọ́. Àwọn kan wà tí wọ́n rí síkì ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì ń sọ pé irọ́ ni gbogbo ariwo pé ayé ń gbóná. Kí wọ́n rántí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Lọ́jọ́ náà, Gómìnà Jerry Brown dúró lórí koríko gbígbẹ ní òkè California, níbi tí ó yẹ kí òjò-dídì ti ga tó ènìyàn. Èyí tí ó wà ní gbogbo òkè ìpínlẹ̀ náà kò ju ìdá 5 nínú 100 iye tí ó máa ń wà lọ. Gómìnà pàṣẹ kí àwọn ìlú dín omi tí wọ́n ń lò kù ní ìdá 25 nínú 100. Ní oṣù kẹrin ọdún 2023, iye náà ti di 237 nínú 100, adágún Tulare tí àwọn àgbẹ̀ ti sọ di oko sì tún kún, ó bo irúgbìn mọ́lẹ̀. Ohun tí ń lọ láti ọ̀gbẹlẹ̀ bọ́ sí àkúnya báyìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ọdún kan ṣoṣo ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dÍfá lọ́rọọrún.

Dave McCoy tí ó dá ibùdó Mammoth sílẹ̀ mọ èyí ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Kí ó tó gba ìwé àṣẹ ìjọba ní ọdún 1953, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wọn òjò-dídì fún ilé-iṣẹ́ omi Los Angeles, kí ìlú náà lè mọ iye omi tí yóò rí mu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ ìlú ń fi òjò-dídì ṣeré, bẹ́ẹ̀ omi mímu wọn ni.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí ibùdó tí ó lo ẹ̀bùn ọdún ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí òjò ojú ọ̀run máa sọ ọjọ́ ìkẹyìn fún wọn, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọjọ́ náà fún òṣìṣẹ́ ní kùtùkùtù, kí owó oṣù tí ó lé náà sì dé ọwọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n fi lára èrè ọdún tí ó kún pamọ́ de ọdún tí yóò gbẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ọmọ Yorùbá tí ó fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú onílùú. Ó mọ bí ọjà ṣe ń yá, ó sì mọ bí ó ṣe ń kú. Ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn ni ẹni tí ó ń kọ́ ilé sí abúlé baba rẹ̀ nígbà tí ọjà ṣì ń yá, tí kò dúró di ìgbà tí ọjà bá kú tán kí ó tó rántí ọ̀nà ilé.