Ẹ Bi Ọmọ Yín Tó Wà l'Amẹ́ríkà: Àdírẹ́sì Wo Ló Wà Lọ́wọ́ Ìjọba?

L'Abẹ́òkúta, èèyàn kì í dédé sọnù. Bí àlejò bá bọ́ọ́lẹ̀ ní Kútọ̀, tó ní ilé bàbá tó ń ta pákó nítòsí mọ́ṣáláṣí ní Láfẹnwá lòun ń lọ, ọlọ́kadà ò ní bi í ní nọ́ńbà ilé. Á kàn ní, "Bàbá onípákó, àbí? Ẹ gùn ún." Bí bàbá ọ̀hún bá sì ti kó lọ sí Ọbáńtokò, ìyá ẹlẹ́kọ tó wà lójúlé kejì á júwe ilé tuntun náà, á sọ ohun tó fà á tí bàbá fi kó, á tún fi iye owó ilé tó jẹ sílẹ̀ ṣe èènì. Òfófó ni pósófíìsì Abẹ́òkúta, iṣẹ́ kì í sì í sọnù níbẹ̀.

Ọkàn yìí lọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá gbé wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n rò pé ẹni tó bá ń wá àwọn á béèrè. Kò sí ìyá ẹlẹ́kọ lọ́hùn-ún o! Ẹni tí ògiri kan ṣoṣo là yín láàárín lè máà mọ orúkọ yín títí ọdún á fi yípo. Ìwé ni ìjọba ibẹ̀ fi ń mọ èèyàn. Ilé tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé lẹ wà lójú tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Òfin wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí ò rújú rárá. Àjèjì tó bá ń gbé l'Amẹ́ríkà, tó kó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíì, gbọ́dọ̀ fi tó ìmígíréṣọ̀n létí láàárín ọjọ́ 10. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lò fún un ni AR-11. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, èèyàn sì lè kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìdìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan máa ń sọ pé, "Mo ti gba gíríìnì káàdì, èwo ni tèmi níbẹ̀?" Wọ́n ń tan ara wọn ni. Òfin náà mú ẹni tó ní gíríìnì káàdì, ó mú akẹ́kọ̀ọ́, ó mú ẹni tó wá ṣiṣẹ́. Yàtọ̀ sáwọn díẹ̀ bí òṣìṣẹ́ ẹ́ńbásì, àfi ẹni tó bá ti búra di ọmọ Amẹ́ríkà ló bọ́ ńbẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò sọ, òfin fàyè gbà á kí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọjọ́ tó lè tó 30, kí wọ́n sì dá a padà sílé, àfi tó bá lè fi hàn pé òun ò mọ̀ọ́mọ̀ tàbí pé ìdí gidi wà.

Kì í ṣe òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá tó lọ kàwé lọ́hùn-ún láwọn ọdún 1960 sí 1970 á rántí pé gbogbo oṣù kìíní ọdún ni àjèjì máa ń kọ àdírẹ́sì ẹ̀ ránṣẹ́ síjọba, ó kó ilé o, kò kó ilé o. Ọdún 1981 ni wọ́n fòpin sí ti ọdọọdún yẹn, ṣùgbọ́n ti ẹni tó bá kó ilé kò kúrò ńlẹ̀. Nígbà tó yá, kálukú dágunlá, ìjọba náà ò sì fi bẹ́ẹ̀ wá wọn. Àfìgbà táwọn agbésùnmọ̀mí kọ lu ilé gogoro méjì ní New York loṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 2002, ìjọba láwọn máa fọwọ́ líle mú òfin náà, ni fọ́ọ̀mù bá ń ya wọlé bí omi òjò. Ìgbà yẹn làṣírí tú pé ìmígíréṣọ̀n fúnra wọn ti kó fọ́ọ̀mù ìkólé bíi 200,000 sínú páálí sábẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá Kansas City, láìfọwọ́ kàn án! Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá kọ fọ́ọ̀mù fi gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹ̀rí pé òun kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n owó ìtanràn kọ́ ni ewu tó wà níbẹ̀ jù. Lẹ́tà ni. Ẹ̀yin ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú, ẹ fojú inú wò ó ná. Ká ní ọmọ yín wà ní Houston, ìwé ẹ̀ ò tíì pé, ẹjọ́ ẹ̀ wà níwájú adájọ́ ìmígíréṣọ̀n. Òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ọ̀rẹ́ fẹ́ gbéyàwó, ni ọmọ yín bá kó jáde. Ó sọ fún pósófíìsì, ó sọ fún báńkì, ó sọ fún pásítọ̀. Ó gbàgbé kóòtù. Lẹ́tà tí wọ́n kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sí dé ilé àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ gbé e sórí fíríìjì, ó ní tó bá wá kí àwọn á mú un. Ọjọ́ pé, adájọ́ pe orúkọ, kò rẹ́ni dáhùn. Ó ní kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà. Ọmọ yín wà níbi iṣẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò ẹ̀ dúró ló máa tó mọ̀ pé wọ́n ti dá ẹjọ́ òun tipẹ́.

Ṣé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Wọ́n lè ṣe é. Àdírẹ́sì tó fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn ni wọ́n máa kọ lẹ́tà sí, bí lẹ́tà bá sì ti lọ síbẹ̀, wọ́n ti sọ fún un nìyẹn. Èèyàn lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n "mo kó ilé, mi ò sì sọ fún yín" kì í ṣe àwíjàre.

Ibi tó ti ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà rèé: AR-11 tí wọ́n kọ sí ìmígíréṣọ̀n kì í dé kóòtù. Kóòtù ní fọ́ọ̀mù tiẹ̀, EOIR-33 lorúkọ ẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 5 péré ni wọ́n sì fún èèyàn láti kọ ọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá ló yẹ kí èyí tètè yé. Aláké wà l'Aké, Olówu wà l'Òwu, Àgùrá wà ní Gbágùrá. Ẹni tó lọ jíṣẹ́ fún Aláké, ṣé ó lè ní Olówu ti gbọ́?

Àwọn tó wà ní London náà, kí wọ́n má ṣe rẹ́rìn-ín. Káàdì BRP tí wọ́n ń kó sínú pọ́ọ̀sì ti kógbá sílé nígbà tí ọdún 2024 parí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni pálí wà báyìí, eVisa ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá sì kó ilé gbọ́dọ̀ lọ yí àdírẹ́sì ẹ̀ padà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tún gbọ́dọ̀ sọ fún yunifásítì ẹ̀, torí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Àwọn kan á ní, "Ẹni tí pálí ẹ̀ ò pé ńkọ́? Ṣé kó fúnra ẹ̀ júwe ilé fáwọn tó fẹ́ mú un ni?" Ìbéèrè gidi ni, pàápàá látọdún 2025 tí ìjọba Trump ti gbé òfin ìforúkọsílẹ̀ àjèjì dìde padà. Ọ̀dọ̀ lọ́yà tó mọ iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ni kírú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbà lọ, kó má lọ gba ìmọ̀ràn lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ bá ti wà ní kóòtù kò rí ibi sá sí mọ́. Tí kò bá yọjú, wọ́n á dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn ẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé òyìnbó nìkan ló níkà nínú. Lọ́jọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti ń ná ọjà Kùmásì láti ọdún gbọọrọ, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, ń ta ẹrù ní ọ̀pọ̀ kí wọ́n lè rówó ọkọ̀ wálé. Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ní ìwé tẹ́lẹ̀, wọ́n sì rò pé kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n láéláé. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà ní káwọn ará Gánà tí kò ní ìwé máa lọ. Orúkọ tí wọ́n fún báàgì wọn ṣì wà lẹ́nu àwọn oníbáàgì dòní.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. L'Amẹ́ríkà, ilé tí ọmọ kọ sínú ìwé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ pé ó wà láyé. Tó bá pè lọ́jọ́ Sunday yìí, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó àìsùn òkú bàbá àgbà dúró ná. Ẹ bi í pé: ilé wo lò ń gbé báyìí, ta lo sì ti sọ fún? Tó bá ní òun ṣì ń bọ̀ wá ṣe é, ẹ ní kó má pa fóònù, kó ṣe é lójú yín.