Lẹ́yìn Abẹ́rẹ́ Kẹfà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọdé tó ń ka ení, èjì, ẹ̀ta á rò pé èje nìkan ló tẹ̀ lé ẹ̀fà. Àgbà mọ̀ pé ẹ̀jọ wà níbẹ̀, ẹ̀sán wà níbẹ̀, ẹ̀wá sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹni tó tètè dá kíkà dúró ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún.

Òwe náà sọ sí mi lọ́kàn ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ní Dùgbẹ̀, nílùú Ìbàdàn, níbi tó jẹ́ pé téèyàn bá gbójú sókè, orí Ilé Kòkó ló máa rí. Iṣẹ́ mónógíráàmù ló ń ṣe. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló fi ń ṣe é, olórí kan, abẹ́rẹ́ mẹ́fà. Òun ló fi ń kọ orúkọ sára ẹ̀wù funfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn UCH, òun ló fi ń ṣe bájì yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé, òun náà ló fi ń ṣe ọnà sí fìlà àti ọrùn agbádá. Ọkùnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ náà. Owó tó dárúkọ jẹ́ ìlọ́po méjì iye tí ẹ̀gbọ́n mi rà á kí ọdún 2023 tó wọlé. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá pè mí. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ̀rọ tí mo ti fi jẹun láti ọjọ́ yìí, tó tún fẹ́ mú èrè wá, kí ni mo tún ń dúró dè?"

Èrè yẹn ni èje. Mo ní ká jọ ka ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Japan ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ bíi Tajima, Barudan àti Brother ti wá, China ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ti ń wá, nítorí náà dọ́là ló ń sọ iye tí a ó ra ẹ̀rọ ní Ìbàdàn. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦480 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ju ₦1,500 lọ. Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ $2,000. Nígbà tí dọ́là wà ní ₦460, ₦920,000 ni. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500, ẹ̀rọ kan náà di ₦3,000,000. Ẹni tó bá tà á ní ₦1,840,000 á máa yọ̀ pé owó òun di méjì. Ọjọ́ tó bá padà sọ́jà láti ra irú rẹ̀ ló máa mọ̀ pé ó ku ₦1,160,000 kí owó ọwọ́ òun tó tó. Owó pọ̀ sí i, ẹ̀rọ sì bọ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n òwe yìí kò gbè sẹ́yìn ẹni tó ní òun kò tà láé. Òun náà gbọ́dọ̀ kà. Bí bájì kan bá gba 8,000 ojú abẹ́rẹ́, tí ẹ̀rọ sì ń rán 800 ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú 10 ni bájì kan. Lórí ìwé, mẹ́fà la máa rí ní wákàtí kan. Tí òwú bá já, tí a pààrọ̀ bọ́bìnì, tí a tún fi férémù mú aṣọ mìíràn, mẹ́rin lè má pé. Ta ló ń sanwó iná fún gbogbo àkókò yẹn? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A kúrò ní ₦68 fún yúníìtì kan, ó di ₦225. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ti tó nǹkan bí ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Bí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́, ọnà lè yẹ̀ kúrò lójú ibi tó wà, aṣọ oníbàárà á bàjẹ́, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sì san án. Ẹ̀rọ tí a kò fi ṣiṣẹ́ náà ń jẹ owó: òróró rẹ̀ á gbẹ, eruku á wọ inú rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù kò sì dúró.

Àwọn kan ti ka irú ìṣirò yìí ṣáájú wa. Kí ogun àgbáyé kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ ọnà tí ẹ̀rọ ń ṣe sára aṣọ ní agbègbè St. Gallen ni ọjà tó tóbi jù lọ tí Switzerland ń tà sókè òkun. Lẹ́yìn ogun, aṣọ ìgbà yí padà, ọjà kú, wọ́n sì fọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bí irin àlòkù. Ní òdì kejì odò Rhine, ní Lustenau nílẹ̀ Austria, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tó yá, ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà bá àwọn oníṣòwò tiwa pàdé. Ọ̀pọ̀ léèsì tí àwọn òbí wa fi ṣe fàájì lásìkò tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń lọ sópin, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó léèsì wọlé, ìdààmú sì bá àwọn tó ń ṣe é. Irin kan náà ni ẹ̀rọ wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó nílò iṣẹ́ tí irin náà ń ṣe ló sọ ọ́ di ọrọ̀, nígbà tí kò sí ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́, ó di ẹrù.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó fún ọkùnrin náà lọ́jọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi kọ gbogbo iṣẹ́ tó wọlé àti gbogbo kọ́bọ̀ tó jáde sínú ìwé. Ó rí i pé bájì ilé-ìwé ń pa owó gidi, pàápàá bí ìwọlé oṣù kẹsàn-án bá ti ń súnmọ́. Ó tún rí i pé iṣẹ́ orí fìlà tí òun fẹ́ràn jù kò san owó epo tó ń jẹ, nítorí pé iye tí òun ń gbà kí epo tó wọ́n ni òun ṣì ń gbà. Òtítọ́ yẹn dùn ún, ṣùgbọ́n ó fi kún owó iṣẹ́ náà lọ́jọ́ kejì.

Mo wá bi í léèrè ohun tó kù lọ́kàn mi. Ọmọ iṣẹ́ méjì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn òbí wọn ti tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ti sanwó, ó sì ku oṣù mẹ́jọ kí wọ́n gba òmìnira. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá ta ẹ̀rọ yìí, kí ni àwọn ọmọ yìí máa fi kọ́ṣẹ́?" Ó dákẹ́. Kò tíì kà débẹ̀.

Mi ò sọ pé títa kò dára. Bí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò bá sí lọ́jà mọ́, bí iṣẹ́ kò bá lè san owó iná tó ń jẹ, tí a sì ti mọ iṣẹ́ tí owó náà máa lọ ṣe kó tó wọ àpò, ká tà á kíákíá, kó tó di àkísà irin. Ká tan án lójú ẹni tó fẹ́ rà á, ká sì sọ àléébù rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tà á nítorí pé owó ilé pé, owó ilé á tún pé lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀rọ kò sì ní sí nílé.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà padà wá gba èsì, bájì ẹgbẹ́ kan ló wà lórí ẹ̀rọ. Àwọ̀ méje ló wà nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ mẹ́fà kò sì lè gba òwú méje lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ rán àwọ̀ mẹ́fà tán, ó dúró. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ dìde, ó fa òwú pupa yọ, ó ki òwú aláwọ̀ wúrà bọ ojú abẹ́rẹ́, ó tẹ bọ́tìnnì, iṣẹ́ sì ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ ọmọ náà títí, kó tó yíjú sí àlejò rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ padà wá bi mí tí àwọn ọmọ yìí bá gba òmìnira."