Èdè Jámánì àti Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Lọ Sí Òkè Òkun

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn òbí ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin níhìn-ín a máa wá bá wa pé kí a gbàdúrà fún ọmọ wọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì. Èdè ni ó kù. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà sáré kọ́ ọ kí físà lè yá. A ń gbàdúrà náà, ṣùgbọ́n eré yẹn ni a kò fara mọ́.

Lóòótọ́, ìwé ẹ̀rí ìpele B2 ni àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sábà ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n arúgbó tí ìrora jí lóru yóò fi ẹ̀ka èdè abúlé rẹ̀ ké, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà níhìn-ín yóò ti fi Ìjẹ̀bú ké, tí ẹni tí ó kọ́ Yorùbá inú Bíbélì nìkan yóò máa wò ó lójú.

Èdè náà kò rọrùn. (Àwa náà fi Gíríìkì jìyà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, nítorí náà a kì í fi akẹ́kọ̀ọ́ èdè rẹ́rìn-ín.) Ọ̀rọ̀ orúkọ kọ̀ọ̀kan ní *der*, *die* tàbí *das* tirẹ̀, nígbà tí “ó” kan ṣoṣo tó wa fún bàbá, ìyá àti àga. Síbẹ̀ ọmọ Yorùbá kò lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí a kọ́ láti kékeré pé “ẹ” ni a ń sọ sí àgbà, kì í ṣe “o”, ti mọ ìdí tí wọ́n fi ya *Sie* sọ́tọ̀ sí *du*. Ẹni tí ó mọ̀ pé ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀ kò ní fojú kékeré wo àmì tí ó ya *schön*, ohun tí ó rẹwà, sọ́tọ̀ sí *schon*. Ìdí nìyí tí ó fi ń dùn wá nígbà tí òbí bá ní kí ọmọ má sọ Yorùbá nílé nítorí òkè òkun tí ó ń lọ.

Ará Jámánì ti jókòó kọ́ èdè wa rí. David Hinderer, ọmọ Württemberg tí C.M.S. rán, dé Abẹ́òkúta ní 1849. Ní 1853 òun àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, nígbà tí Ìjẹ̀bú kò tíì ṣílẹ̀kùn fún oníwàásù. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kì í ṣe èdè ìyá rẹ̀. Ó kọ́ Yorùbá títí ó fi túmọ̀ ìwé John Bunyan tí a mọ̀ sí *Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́*. Kò fi oṣù mẹ́fà ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ní òun fẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i ní kíláàsì ní Èkó kí òun tó gbéra, ẹ jẹ́ kí ó pẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ kó fún alágbàtà físà, ẹ fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.