Ta Ni Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ọkọ̀ Èrò?

Bí Yorùbá bá ní ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ ilé, ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n ń tọ́ka sí, kì í ṣe ìṣirò tàbí ìwé kíkà. Nítorí náà, ó yẹ kí a ṣọ́ ọ̀rọ̀ lò bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn òbí tí kò fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn fúnra wọn. Ẹ̀kọ́ abẹ́-òbí ni a ó pè é níhìn-ín. Owó ọkọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Òfin Ẹ̀kọ́ ọdún 1996 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní abala 7, ní kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ tí ó bá ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ mu, yálà ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ọ̀nà mìíràn. Orí “ọ̀nà mìíràn” yìí ni ẹ̀kọ́ abẹ́-òbí dúró lé. Ìṣirò ìjọba fi hàn pé àwọn ọmọ náà tó 92,000 ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 2023. Ní ọdún 2024, wọ́n ti lé ní 111,000. (Ní Jámánì, níbi tí òfin ti sọ lílọ sí ilé-ẹ̀kọ́ di dandan, ọ̀rọ̀ wa yìí kò lè jẹyọ rárá.)

Kò sí àní-àní pé ọ̀pọ̀ ẹ̀dínwó ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò béèrè ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Ọjọ́ orí ni wọ́n ń wò. Àwọn ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 11 lè bá àgbà kan tí ó sanwó wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ọdún 11 sí 15 tí ó ní káàdì Zip kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ó di ìrìn-àjò ẹgbẹ́. School Party Travel Scheme ni orúkọ ètò náà, orúkọ yìí sì ti sọ ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò kọ̀wé béèrè ṣáájú, tí yóò sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Ní wákàtí tí èrò kò pọ̀, àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn yóò wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ wá wo ìdílé mẹ́fà tí wọ́n para pọ̀ láti kó ọmọ lọ sí Natural History Museum ní South Kensington. Láti ọdún 2001 ni wíwọ ibẹ̀ ti di ọ̀fẹ́, nítorí náà owó ọkọ̀ nìkan ni ìnáwó wọn. Agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ni wọ́n ń lọ, nígbà tí ìjókòó pọ̀ nínú ọkọ̀, gan-an bí ti ilé-ẹ̀kọ́. Kí ni wọn kò ní? Wọn kò ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé.

Ẹnìkan lè ní kí wọ́n fún ẹgbẹ́ wọn ní orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì béèrè. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí ó bá ń kọ́ ọmọ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní àkókò kíkún gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀ràn ni láti máa ṣe é láìforúkọsílẹ̀, Òfin ọdún 2008 lórí Ẹ̀kọ́ àti Ìmọ̀-iṣẹ́ sì ti là á sílẹ̀. Ẹ ò rí i bí ó ṣe dì í mú lọ́rùn: bí òbí kò bá pe ara rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹ̀dínwó, bí ó bá pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lè di ẹlẹ́jọ́ nítorí owó ọkọ̀.

Àwọn kan yóò ní òbí tí ó kọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀ ti kọ àǹfààní rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà, nítorí kò kọ owó orí sílẹ̀. Ti ẹ̀tàn ni ó ní ìwúwo: ẹnikẹ́ni lè kó ọmọ àbúrò rẹ̀ jọ lọ ṣe fàájì, kí ó sọ pé ẹ̀kọ́ ni. A gbà.

Kí á má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni. Nílé níhìn-ín, òfin UBE ti ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí ìpele àkọ́kọ́ girama. Aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ sì ni àmì tí ojú wa fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún 17 tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ kò ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ni ní gbogbo ọ̀nà tí àwọn baba wa mọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ẹ má jẹ́ kí aṣọ dí yín lójú.

Ní èrò tiwa, ọ̀nà wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbá òfin kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ ẹ; wọ́n ní ìṣọ́ni ni. Bí a bá ti ka ọmọ kan mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé ìjọba, ó yẹ kí a kà á mọ́ wọn nínú ọkọ̀ pẹ̀lú. Kí ìjọba ìbílẹ̀ fọwọ́ sí ìwé ní ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kí ó dá iye ìrìn-àjò sáà kan lé e, kí àgbà tí ó ń tẹ̀ lé wọn má sì ju iye tí ilé-ẹ̀kọ́ ń mú lọ.