"Tàbí" Kọ́ Ni "Àbí"

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni í yọ ọfà lápó. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré, ṣùgbọ́n ó lè ṣi oògùn lò fún ènìyàn.

Mo tẹ̀lé ìyá àgbà kan láti Ojowo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lọ sí ilé ìwòsàn kan. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé: "Màmá, ṣé inú ń run yín tàbí orí ń fọ́ yín?" Màmá ní: "Bẹ́ẹ̀ ni." Nọ́ọ̀sì sì kọ inú rírun sílẹ̀. Mo tún ìbéèrè náà bi: "Màmá, ṣé inú ni ó ń run yín ni, àbí orí ni ó ń fọ́ yín?" Wọ́n ní: "Orí ni, ọmọ mi."

Màmá kò ṣi ìbéèrè gbọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni" tọ́ sí ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí pé ọ̀kan nínú àìsàn méjèèjì ń ṣe wọ́n. Èkejì ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n yan ọ̀kan. "Ni" àti "àbí" ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Àwọn ará Japan ní wúnrẹ̀n kan, "ka". "Kōhī ka ocha" ni kọfí tàbí tíì. Bí wọ́n bá ní "Kōhī ka ocha o nomimasu ka?", ènìyàn lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní "Kōhī desu ka, ocha desu ka?", tí "ka" tẹ̀lé ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfi kí ó mú ọ̀kan. Wúnrẹ̀n kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì níhìn-ín. Àwa ní méjì, a sì fẹ́ sọ ọ̀kan nù!

Àwọn olóòtú kan ń sọ gbogbo "àbí" di "tàbí", wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìgboro ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, "Ẹ mú iṣu tàbí àgbàdo wá" ni ó tọ́. Bí a bá fi "àbí" síbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ohun tí a fẹ́ kò dá wa lójú. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń béèrè kí ènìyàn lè yàn, ẹ jẹ́ kí "àbí" jókòó sí ipò rẹ̀.

Bí a bá lé e kúrò nínú ìwé, báwo ni a ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ ẹnu màmá wa sílẹ̀ láìparọ́ mọ́ wọn?